Àrokò Orí Ẹ̀rọ: Ìtàn Lẹ́tà tí Báǹkì Fi Ń Mọ Ara Wọn

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ sí ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn. Ẹni tí ó di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí ẹni náà. Ẹni tí ó di mẹ́jọ ń sọ pé ohùn àwọn méjèèjì jọ. Owó ni a rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni a fi rán. Ẹni tí kò bá mọ àrokò yóò ka iye owó, kò ní gbọ́ iṣẹ́ tí a rán sí i.

Irú àrokò bẹ́ẹ̀ ni kóòdù BIC tí báǹkì ń béèrè nígbà tí owó bá fẹ́ ti òkèèrè wọlé. Kì í gbé owó rìn. Ó ń júwe ilé tí iṣẹ́ ń lọ. Láyé àtijọ́, ẹ̀rọ telex ni àwọn báǹkì fi ń kọ̀wé sí ara wọn. Gbólóhùn ni òṣìṣẹ́ ń tẹ̀, báǹkì kọ̀ọ̀kan sì ń kọ ọ́ bí ó ti wù ú, àṣìkọ kò sì wọ́n. Ní ọdún 1973, báǹkì 239 láti orílẹ̀-èdè 15 dá ẹgbẹ́ SWIFT sílẹ̀ ní Bruxelles. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1977, iṣẹ́ àkọ́kọ́ gba orí ẹ̀rọ wọn kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a ka kóòdù kan papọ̀: ECOCBJBJ, ti Ecobank ní orílẹ̀-èdè wa. ECOC ni orúkọ báǹkì. BJ tí ó tẹ̀ lé e ni orílẹ̀-èdè. Méjì tí ó kẹ́yìn ń tọ́ka sí ibùjókòó. Bí mẹ́ta mìíràn bá kún un, ẹ̀ka kan pàtó ni wọ́n ń júwe. Báǹkì yìí kan náà ń jẹ́ ECOCTGTG ní Tógò, ó sì ń jẹ́ ECOCNGLA ní Nàìjíríà. Orúkọ ìdílé kò yí padà. Ilẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé: níbo ni J ti wá, nígbà tí kò sí J nínú «Bénin»? Nígbà tí àjọ ISO gbé ìlànà lẹ́tà orílẹ̀-èdè jáde ní ọdún 1974, Dahomey ni a ń jẹ́, DY sì ni lẹ́tà wa. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, ìjọba Mathieu Kérékou yí orúkọ náà padà sí Bénin. Ṣùgbọ́n BE jẹ́ ti Bẹ́ljíọ̀mù, BI jẹ́ ti Bùrúńdì, BN sì jẹ́ ti Brunei. Gbogbo lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé B nínú orúkọ tuntun wa ti ní ẹni tí ó ń lò ó. Ní ọdún 1977, ọdún kan náà tí SWIFT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, BJ di tiwa.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi èrò ara rẹ̀ kọ BE tàbí BN kò júwe ilẹ̀ wa mọ́. Iṣẹ́ náà lè padà sẹ́yìn, tàbí kí ó há sọ́nà, nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ń dúró.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan fún àwa tí a wà ní Agblangandan, láàárín Kùtọ́nù àti Àjàṣẹ́. Ẹnubodè Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, ẹbí wa sì wà ní Èkó. Síbẹ̀, bí báǹkì kan ní Èkó kò bá ní àkáǹtì lọ́dọ̀ báǹkì kan ní Kùtọ́nù, wọn yóò wá báǹkì kẹta tí àwọn méjèèjì mọ̀, èyí tí ó sábà máa ń wà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí a rán sí aládùúgbò yóò sọdá òkun kí ó tó dé. Báǹkì kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbà kọjá sì lè yọ owó iṣẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kóòdù BIC kì í ṣe àṣírí; ẹ gbà á ní kíkọ lọ́wọ́ báǹkì yín, kí ẹ sì wo lẹ́tà karùn-ún àti ìkẹfà kí ẹ tó fi í ránṣẹ́ sí ọmọ tí ó wà lókè òkun. Orúkọ orílẹ̀-èdè wa ni ó wà níbẹ̀.