Ẹ Má Ju Ìwé Ètò Nù



Bí mo bá sọ pé Adó-Èkìtì ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ University kọ́kọ́ wà kí Ifẹ̀ tó jẹ́ orúkọ náà, àwọn ọ̀dọ́ á ní bàbá ti ń ṣarán. Òótọ́ ni, ṣá. Ìjọba Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin ló dá a sílẹ̀ ní 1982. Ní 1985, ó di Ondo State University. 1987 ni Ifẹ̀ gba orúkọ Awólọ́wọ̀. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì dá dúró ní 1996, orúkọ tún yí padà lẹ́yìn náà: University of Ado-Ekiti. Ní 2011, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ fásitì Ìkẹ́rẹ́ àti ti Ìfàkì, ó di Ekiti State University.

Orúkọ mẹ́rin, kò pé ọgbọ̀n ọdún! Níbo la ó ti rí ẹ̀rí ìgbésí ayé àwọn tó wà níbẹ̀? Inú ìwé ètò ọjọ́ àṣà, eré orí ìtàgé àti ìkówèéjáde ni. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́, ọjọ́, ẹni tó jó, ẹni tó sọ̀rọ̀: gbogbo rẹ̀ wà lára bébà tí a fi ń fẹ́ ara wa, tí a sì ń jù nù. Èmi náà ti ju púpọ̀ nù. Ó ń dùn mí.

Ní Adó, ọdún Ùdìrókò ló ń pe ọmọ ìlú jọ. Ìdí ìrókò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ilé ìkàwé ni ìdí ìrókò ti fásitì. Ẹ tú àpótí yín wò, ẹ kó bébà wọ̀nyẹn lọ síbẹ̀, kí àwọn ọmọ wa má baà fi ẹnu lásán jiyàn lọ́la.