Ta Ló Ni Àwòrán Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Ti Tà Á?

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí, owó àwọn ayàwòrán.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ya àwòrán kan. Ẹnì kan rà á, ó sanwó, ó gbé e lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹ rí àwòrán yẹn lára kálẹ́ńdà, lára T-shirt, lẹ́yìn fóònù àwọn èèyàn. Ẹni tó rà á ló ń gba gbogbo owó. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i?

Ohun méjì ló wà nínú àwòrán kan. Èkíní ni àwòrán fúnra rẹ̀, èyí tí a lè gbé kọ́ sára ògiri. Èkejì ni ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ìbéèrè tó ti pẹ́ tó ń da ilé ẹjọ́ láàmú ni pé: tí wọ́n bá ta èkíní, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ nǹkan kan nípa èkejì, ta ló ni èkejì yẹn?

Hovsep Pushman mọ bí ìbéèrè yìí ṣe ń dunni tó. Ọmọ ẹ̀yà Àméníà ni, wọ́n bí i ní 1877, ó sì di ayàwòrán tó lórúkọ ní Amẹ́ríkà. Ní 1930, ó ya àwòrán kan tó pè ní When Autumn Is Here, ó sì gbé e fún Grand Central Art Galleries ní New York pé kí wọ́n bá òun tà á. Yunifásítì Illinois rà á ní $3,600. Àwọn alágbàtà yọ owó tiwọn, Pushman gba ìyókù, ó parí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀tọ́ àdàkọ.

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ní 1940, yunifásítì yẹn ta ẹ̀tọ́ láti tẹ ẹ̀dà àwòrán náà fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ New York Graphic Society. Pushman gba kóòtù lọ kí ẹ̀dà náà tó dé ọjà. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ga jù ní ìpínlẹ̀ New York, àwọn adájọ́ sì dá ilé iṣẹ́ náà láre ní 1942. Wọ́n ní ẹni tó bá ta àwòrán láìfi ohunkóhun dè é, gbogbo rẹ̀ ló tà. Tó bá fẹ́ fi ẹ̀tọ́ àdàkọ pa mọ́, kó ti sọ ọ́ kó tó jẹ́ kí àwòrán náà kúrò lọ́wọ́ òun.

Ẹ lè fi wé ọjà ewúrẹ́. Ẹni tó bá ra ewúrẹ́ tó lóyún, òun náà ló ni ọmọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó lọ́nà mìíràn. Tí ẹ bá ra àwo orin Sunny Ade, ẹ lè jó sí i, ẹ lè tún un tà, ṣùgbọ́n ṣé ẹ wá lè máa tẹ àwo náà jáde fún títà? Kí ló dé tí ti ayàwòrán fi yàtọ̀?

Kì í ṣe New York nìkan ló ronú bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní 1842, lórí àwòrán tí Antoine-Jean Gros yà nípa ogun tí Napoleon jà ní Íjíbítì. Òfin 1910 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yí i padà, pé títa àwòrán kì í ṣe títa ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀.

Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yani lẹ́nu jù. Owó gidi ló wà nínú títẹ ẹ̀dà níbẹ̀. Ní 1860, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Gambart san gíní 5,500 fún àwòrán kan tí William Holman Hunt yà, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀. Ní 1862, wọ́n ṣe òfin kan láti dáàbò bo àwọn ayàwòrán. Ṣùgbọ́n òfin náà ní tí ayàwòrán bá kọ́kọ́ ta iṣẹ́ rẹ̀ láìsí ìwé tí ẹni tó rà á fọwọ́ sí, ayàwòrán ti pàdánù ẹ̀tọ́ àdàkọ. Bí kò bá sì sí ìwé tí ayàwòrán fọwọ́ sí, ẹni tó rà á náà ò ní in. Ó di pé kò sẹ́ni tó ni ín! Ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́ tà.

Òfin 1911 ló tún èyí ṣe: ẹ̀tọ́ àdàkọ kò ní kúrò lọ́wọ́ oníṣẹ́ àfi tó bá fi í sílẹ̀ nínú ìwé. Ibi tó kàn wá nìyí, nítorí ní 1912, wọ́n mú òfin náà wọ Nàìjíríà. Ẹ wá rò ó wò. Lọ́dún 1942 tí Pushman pàdánù ní New York, ayàwòrán kan l'Ékòó tó fúnra rẹ̀ ya iṣẹ́, tí kì í ṣe pé ẹnì kan bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ní ààbò tí Pushman ò ní, ó kéré tán nínú ìwé òfin.

Ìpínlẹ̀ New York yí tiwọn padà ní 1966. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 1976, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, wá là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀tọ̀ ni níní nǹkan, ọ̀tọ̀ ni níní ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin 1988, tí wọ́n ti fi òfin 2022 rọ́pò, sọ nígbà náà pé gbígbé ẹ̀tọ́ àdàkọ fún ẹlòmíràn kò fìdí múlẹ̀ àfi tó bá wà nínú ìwé. Òfin 1988 yẹn tún sọ pé bí ẹnì kan bá tiẹ̀ bẹ oníṣẹ́ níṣẹ́, oníṣẹ́ ló ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, àfi tí wọ́n bá fi ìwé sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé gbogbo ìjà náà, orí ìdákẹ́ ló dá lé. Nígbà tí ayàwòrán ṣì ń wá owó oúnjẹ, ta ló fẹ́ máa bá oníbàárà jà lórí ẹ̀dà tí kò tíì sí? Ó máa ń dákẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin mú ìdákẹ́ yẹn, ó fi ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó lówó. Ní báyìí, ìdákẹ́ ti wà lẹ́yìn oníṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń yàwòrán, tó ń ya fọ́tò, tó ń ṣe lógò, ẹ máa ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Inú ìwé ni ẹ̀tọ́ yín ti lè bọ́ lọ báyìí. Ẹ̀yin tó sì ń rà, tí ẹ bá fẹ́ tẹ ẹ̀dà, ẹ béèrè, ẹ sanwó rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbà á nínú ìwé. Àwọn àgbà ní gbólóhùn kan ní ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, gbólóhùn kan náà ní ń tún ọ̀rọ̀ ṣe. Gbólóhùn kan péré ni Pushman ì bá kọ sínú rìsíìtì.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín tó ń yàwòrán.