Ìdí Tí Kò Fi Rọrùn Láti Ka Àìsàn Iṣan àti Oríkèé Tí Iṣẹ́ Ń Fà

Bí igi bá já lu òṣìṣẹ́ lẹ́sẹ̀, gbogbo ènìyàn ni ó mọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn dídùn àti èjìká ríro kò rí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wọ ara.

Ẹ jẹ́ kí a wo ahunṣọ òfì kan ní Ìṣẹ́yìn. Láti òwúrọ̀ ni ó ti tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó, tí ọwọ́ ń ju òwú, tí ẹsẹ̀ sì ń tẹ òfì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ó gbé ọkọ́, ó lọ sí oko. Bí ẹ̀yìn bá wá ń dùn ún ní ẹni àádọ́ta ọdún, ṣé òfì ni ó fà á, ṣé ọkọ́ ni, àbí ọjọ́ orí? Làkúrègbé ni púpọ̀ nínú wa yóò pè é, orúkọ yẹn kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Àyẹ̀wò dókítà lè fi àìsàn hàn láìfi ohun tí ó fà á hàn.

Láti ọdún 1987 ni àwọn olùwádìí ti ń lo ìwé ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ àríwá Yúróòpù ṣe. Ó ń béèrè bóyá ènìyàn ní ìrora ní ibi 9 lára láàárín oṣù 12 tàbí ọjọ́ 7 tí ó kọjá. Ìrora ni ó ń kà, kì í ṣe ohun tí ó fà á. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti kọ iṣẹ́ pátápátá kò sì sí ní ibi iṣẹ́ mọ́ nígbà tí olùwádìí bá dé; àwọn tí ara wọn ṣì gbà á nìkan ni yóò bá.

Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14 tí ìpalára bá ṣẹlẹ̀ tàbí tí ó bá mọ̀ nípa rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 7. Ọjọ́ wo ni ẹni tí èjìká rẹ̀ ti ń ro ó láti ọdún mẹ́ta yóò kọ sílẹ̀? Ahunṣọ, adíngàrí àti alágbàrù tí ń dá ṣiṣẹ́ ara wọn kò tilẹ̀ ní agbanisíṣẹ́ tí yóò kọ̀wé. Bí iye inú ìwé bá kéré, kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà kò pa ẹnikẹ́ni lára.

A rọ ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa pé, bí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, iye ọdún tí ẹ ti ń ṣe é, àti bóyá ìrora náà ń rọlẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì yín.