Codex Zacynthius: Ìwé Méjì Lórí Awọ Kan

Codex Zacynthius ni ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì kan tí ó wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Cambridge. Ewé awọ 176 ni ó ní, ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì kọ sí ojú awọ kan náà. Ti òkè jẹ́ àkójọ ẹ̀kọ́ Ìhìn Rere tí wọ́n ń kà nínú ìsìn, ọ̀rúndún kejìlá ni a kọ ọ́. Ti abẹ́, tí wọ́n ti ha kúrò kí wọ́n tó kọ èkejì lé e, jẹ́ àjákù Ìhìn Rere Lúùkù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé orí 11 ẹsẹ 33, pẹ̀lú àlàfo níhìn-ín lọ́hùn-ún. Àwọn onímọ̀ David Parker àti Neville Birdsall fi sí nǹkan bí ọdún 700. Ọ̀rọ̀ Lúùkù yìí ló sọ ìwé náà di olókìkí, ṣùgbọ́n àlàyé tí a kọ yí i ká ló níye lórí jù.

Erékùṣù Zakynthos ni ìwé náà ti wá. Ọmọ-ọba Comuto fún Ọ̀gágun Colin Macaulay ní 1820. Ní 1821 ni Macaulay fi ta Ẹgbẹ́ Bíbélì ní London lọ́rẹ, ẹgbẹ́ kan náà tí ó wá tẹ Bíbélì Yorùbá lẹ́yìn náà. Onímọ̀ Bíbélì Samuel Tregelles ló tẹ ọ̀rọ̀ Lúùkù inú rẹ̀ jáde ní 1861. Ohun tí ó ń wá ni bí Lúùkù ṣe rí ní àtètèkọ́ṣe, ó sì rí i pé ìwé yìí sún mọ́ Codex Vaticanus, ìwé àfọwọ́kọ Bíbélì Gíríìkì àtijọ́ mìíràn, àní ọ̀nà tí kò wọ́pọ̀ tí Vaticanus gbà pín Lúùkù sí orí wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá béèrè pé kí ni àjákù wúlò fún nígbà tí Vaticanus, tí ó fi ohun tí ó lé ní 300 ọdún dàgbà jù ú lọ, ní odindi Lúùkù, kò jẹ̀bi. Tí ó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ Lúùkù nìkan, ẹlẹ́rìí tí ń gbe ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ ni Zacynthius.

Àlàyé náà ló yí ẹjọ́ padà. Lẹ́tà kéékèèké ni akọ̀wé fi to ọ̀rọ̀ àwọn bàbá ìjọ yí Lúùkù ká: Origen, Titus ará Bostra, Cyril ará Alẹkisáńdríà àti Severus ará Áńtíókù. Kò sí ìwé àfọwọ́kọ Májẹ̀mú Tuntun tí irú àkójọ àlàyé bẹ́ẹ̀ bá rìn tí ó pẹ́ tó o. Ní 536 ni wọ́n dá Severus lẹ́bi ní Constantinople, tí ọba sì ní kí wọ́n sun ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà níhìn-ín. Àwọn kan lè sọ pé àyọlò lásán ni, akọ̀wé kò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Ibẹ̀ gan-an ni iyì rẹ̀ wà: nígbà tí odindi ìwé bá sọnù, àyọlò ló ń ṣojú fún un, ẹni tí a sì yàn láti yọ lò ń fi hàn bí àwọn òǹkàwé ayé ìgbà náà ṣe lóye Lúùkù.

Ǹjẹ́ kì í ṣe ìbàjẹ́ ni ẹni tí ó ha ọ̀rọ̀ náà kúrò ṣe? Ó bà á jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ wọ́n, lẹ́tà ńlá àtijọ́ sì ti di ohun tí wọn kì í fi kọ ìwé mọ́. Ìhìn Rere náà ni ó tún kọ sí i, ìwúlò ìwé tuntun yìí nínú ìsìn sì jẹ́ ìdí kan tí awọ náà fi ní olùtọ́jú. Lẹ́yìn tí Cambridge ra ìwé náà ní mílíọ̀nù kan lé ọ̀kẹ́ márùn-ún pọ́n-ùn (£1.1m) ní 2014, wọ́n yà á ní fọ́tò lábẹ́ oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀, títí kan èyí tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Birmingham, tí Parker àti Hugh Houghton ṣáájú, wá ka àlàyé náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí náà, kò tọ́ kí a máa fi iye ẹsẹ Bíbélì tí ó kù nínú àjákù díwọ̀n rẹ̀. Ó tún yẹ kí a béèrè ìwé wo ni àwọn tí ó ni ín ń kà mọ́ Bíbélì wọn, ta ni wọ́n sì gbà kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.