Ajẹ́lẹ̀ Inú Ẹ̀rọ: Láti Ìjànná Ayé Ọ̀yọ́ Dé Ẹnubodè Tube

Nígbà tí oníṣòwò kan ní Tube, ní ẹkùn Yewa lẹ́bàá ẹnubodè Benin, bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ oní-POS, ẹ̀rọ tó ń sọ pé owó wà tàbí owó kò sí kò sí ní Tube. Kò sí ní Ìlaròó, kò sì sí ní Ayétòrò. Inú gbọ̀ngàn kan tó tutù bí yìnyín ni ó wà, ní Èkó tàbí ní òkè òkun, lórí àgbékà irin, láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ bíi tirẹ̀. Server ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ẹni tó ń ṣàkóso server náà pàápàá kì í sábà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó lè jókòó sí ìlú mìíràn, kí ó sì máa tan án, kí ó máa pa á, kí ó máa tún un ṣe, láìfi ọwọ́ kàn án.

Bí ènìyàn ṣe lè pàṣẹ fún ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nílẹ̀ Yewa. Kí kọ̀ǹpútà tó dáyé rárá, ilẹ̀ yìí wà lára ibi tí Ọ̀yọ́ ti dán irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wò.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, òwò etíkun, tí òwò ẹrú jẹ́ olórí rẹ̀, wà lára ohun tí agbára Ọ̀yọ́ rọ̀ mọ́. Ọ̀nà tó lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn aláwọ̀ funfun ń pè ní Porto-Novo, àti èyí tó lọ sí Àgbádárìgì, gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá. Ẹ̀gbádò yìí ni orúkọ rẹ̀ yí padà sí Yewa ní 1995. Aláàfin kì í sábà jáde láàfin, ọ̀nà sì jìn. Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí oṣù kọkànlá 1825, tó sì gba Ìjànná kọjá, oṣù kínní 1826 ni ó tó fojú kan Ọ̀yọ́-Ilé.

Ọ̀yọ́ kò dúró de ìròyìn tó máa ń pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi aṣojú tirẹ̀ sí Ìjànná, nítòsí Ìlaròó, kí ó máa bójú tó ọ̀nà àti owó ibodè. Ní ìlú mìíràn, ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlàrí, tí wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn, ló ń gbé àṣẹ lọ tí wọ́n sì ń gbé ìròyìn bọ̀. Ìlú ní ọba tirẹ̀ àti ìjòyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe ara wọn. Ojú, etí àti ọwọ́ ẹni tó wà lókèèrè ni.

Nígbà tí Ìbàdàn gba ipò Ọ̀yọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó lo ètò yìí kan náà ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ibẹ̀ ni àléébù rẹ̀ ti hàn gbangba. Ìbàdàn fún ajẹ́lẹ̀ ní agbára púpọ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ajẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ ìlú di oko ìjẹ tiwọn, títí tí Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí fi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní 1878. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà lára ohun tó dá ogun Kírìjì sílẹ̀, ogun tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, síbẹ̀ tí àwọn jagunjagun kò tú ká títí di 1893.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà nínú ìtàn yìí. Ẹni tó jìnnà nílò aṣojú tí kì í sùn nígbà tí ìlú bá sùn. Ṣùgbọ́n aṣojú tí ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ lè di ewu ju ọ̀tá lọ. Àwọn tó ń ṣe server pàdé ẹ̀kọ́ méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tún kọ̀ǹpútà ńlá ṣe gbọ́dọ̀ dúró níwájú rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń gba ojú wáyà tẹlifóònù wọlé sínú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Àmọ́ bí ẹ̀rọ náà bá ti kú, tàbí tó dákú síbi tó ti ń tan, kò sí ẹni tó lè gba ojú wáyà jí i. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ bíi Compaq bẹ̀rẹ̀ sí í ta pátákó kékeré tí wọ́n ń fi sínú server, tó lè sọ̀rọ̀ síta yálà server jí tàbí ó sùn. Ní 1998, Intel, Dell, Hewlett-Packard àti NEC fẹnu kò sórí ìlànà kan tí gbogbo wọn yóò máa tẹ̀lé. IPMI ni wọ́n pè é. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù sọ tirẹ̀ lórúkọ: iDRAC ni ti Dell, iLO ni ti HP. Orúkọ tí gbogbo wọn jọ ń jẹ́ ni Baseboard Management Controller, tí àwọn onímọ̀ gé kúrú sí BMC.

BMC ni ajẹ́lẹ̀ inú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, tó ń gbé lórí pátákó kọ̀ǹpútà ńlá. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ìrántí tirẹ̀, àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, àti nígbà púpọ̀ ojú wáyà tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń wọ inú àpótí náà, bí wọ́n tilẹ̀ pa server, ajẹ́lẹ̀ ṣì wà lójúfò. Ó ń wo bí ooru ṣe pọ̀ tó, bóyá fáànù ń yí, bóyá iná ń wọlé dáadáa. Ó lè fi ohun tó wà lójú server han ọ̀gá rẹ̀ ní ìlú mìíràn bí ẹni pé ó jókòó síwájú rẹ̀. Ó lè pa á, ó lè tan án, ó sì lè gbé ètò tuntun sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ní orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná kì í dúró, tí jẹnẹrétọ̀ ń gba ipò rẹ̀ lọ́gànjọ́ òru, tí ọ̀nà láti Ìlaròó dé Èkó sì lè gba odindi ọjọ́ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá pàdé àgọ́ àyẹ̀wò, ìwúlò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lópin. Iṣẹ́ tí ìbá gba ìrìn àjò ọjọ́ kan, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó o.

Ẹ̀kọ́ kejì kò pẹ́ kó tó dé. Ní 2013, Dan Farmer, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, figbe ta pé ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí kò ní ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n wo íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri, àwọn tí wọ́n rí tí wọ́n wà ní gbangba lé ní 300,000. Àjọ US-CERT ti ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù keje ọdún yẹn. Àṣìṣe náà wà nínú ìlànà gan-an: lábẹ́ IPMI ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ lè fún àlejò ní àdìtú ọ̀rọ̀ aṣínà kí ó tó mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni tàbí olè, kí olè náà sì gbé àdìtú lọ sílé láti lọ tú u wò. Lórí àwọn ẹ̀rọ mìíràn, irú ìwọlé kan wà tó ń gba ọ̀rọ̀ aṣínà yòówù kí ènìyàn tẹ̀.

Ohun tó burú jù kò gba ọgbọ́n kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Dell ń fi orúkọ "root" àti ọ̀rọ̀ aṣínà "calvin" ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà rẹ̀; Supermicro ń lo "ADMIN" fún méjèèjì. Ọ̀pọ̀ olùṣàkóso kò yí i padà láéláé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nígbà tí òfin ìpínlẹ̀ California bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kínní 2020 pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀ ni Supermicro jáwọ́ nínú àṣà yìí.

Ní 2018, àwọn ọ̀daràn gba ojú IPMI wọ inú server àwọn ènìyàn, wọ́n ti ìwé inú rẹ̀ pa, wọ́n sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní Iran rí ètò aṣebi kan tó fara pamọ́ sínú iLO, tó ń pa ohun inú server rẹ́. Ẹni tó bá nu server tó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe kò rí nǹkan kan ṣe sí i, nítorí pé inú ajẹ́lẹ̀ ni ọ̀tá ń gbé, kì í ṣe inú ìlú. Ní oṣù kẹfà 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fi àléébù kan nínú BMC tí ilé-iṣẹ́ AMI kọ ètò rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn ihò tí ọ̀tá ti ń gbà wọlé. Àléébù BMC àkọ́kọ́ tí yóò wọ inú àkọsílẹ̀ náà nìyẹn.

Ewu mìíràn tún wà, òun ni kí ọ̀nà ajẹ́lẹ̀ àti ọ̀nà ìlú jẹ́ ọ̀kan náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, àṣẹ kan tó ṣìnà gé Facebook, WhatsApp àti Instagram kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ọ̀nà àkànṣe tó yẹ kí àwọn ẹnjiníà gbà wọlé láti òkèèrè kú pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní láti fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ inú gbọ̀ngàn, níbi tí ilẹ̀kùn ààbò tún ti dá wọn dúró. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tọ́ irú rẹ̀ wò ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnukọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti Benin, iṣẹ́ àwọn báǹkì kan sì fara gbá a. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní sí server òkè òkun gba wáyà tó já kọjá ti di ọba tí kò ní ìlàrí.

Nínú gbogbo èyí ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ti fa ìlànà wọn yọ. Kí wọ́n tó gbé server tuntun sórí àgbékà, wọn a yí ọ̀rọ̀ aṣínà ajẹ́lẹ̀ padà, wọn a sì fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀, kí ó lè hàn pé ta ló ṣe kí ni. Wọn kì í jẹ́ kí BMC fojú kan íntánẹ́ẹ̀tì gbangba. Nẹ́tíwọ̀kì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi sí, tí ènìyàn kò lè dé àyàfi lẹ́nu ọ̀nà kan tí wọ́n ń ṣọ́. Wọn a máa mú ètò inú rẹ̀ dọ̀tun, wọn a pa IPMI àtijọ́ níbi tí Redfish, ìlànà tó jáde ní 2015, bá ti tó, wọn a sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ ìwọlé síbi tí ajẹ́lẹ̀ kò lè pa á rẹ́. Wọn a ní ọ̀nà kejì tí kò bá ti àkọ́kọ́ pín wáyà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ nítorí pé tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú server tí iléèwé, ilé-ìwòsàn àti àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré ń rà. Server tòkunbọ̀ máa ń bá ajẹ́lẹ̀ olówó rẹ̀ àtijọ́ wọ̀lú, pẹ̀lú ètò tó ti gbó àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹlòmíràn mọ̀. Ẹni tó rà á tí kò tún ajẹ́lẹ̀ náà fi jẹ ti ra ilé, kò gba kọ́kọ́rọ́.

Ní oṣù kẹrin 2022, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ti ìpè jíjáde pa lórí gbogbo síìmù tí kò bá ní NIN. Ìlà tó lé ní mílíọ̀nù 70 ni ọ̀rọ̀ náà bá. Kò sí aṣojú ìjọba tó lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. Láti inú ẹ̀rọ ni àṣẹ ti ṣẹ. Ní 2024, ìjọba kan náà gbé òfin jáde láti dáàbò bo àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ tó ṣe kókó fún orílẹ̀-èdè. Wáyà inú kòtò àti òpó ni ojú sábà máa ń lọ sí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìyẹn ni ojú rí. Ṣùgbọ́n àìsí ńlé ológbò, ilé di ilé èkúté. Ará Tube ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ báǹkì, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti ìjọba pé: ta ni ajẹ́lẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ tí owó àti orúkọ wa wà, ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, ta ló sì ń ṣọ́ ọ? Àwọn baba ńlá wọn kò rí ẹni bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní Ìjànná. Àwọn tòde òní rí ẹni bi.