Ohùn Tó Há: Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ àti Èyí Tí Kò Lè Sọ

 Ohùn la fi ń pe oníbàárà. Tó bá há, a ó ní ariwo ọjà ni, a ó lá oyin sí i. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn ọba kan tí ohùn rẹ̀ há.

Ní oṣù kìíní ọdún 1887, ohùn Friedrich, àrẹ̀mọ ọba Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àwọn dókítà ibẹ̀ fura sí jẹjẹrẹ ọ̀fun, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Mackenzie, dókítà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n dúró ná. Ó gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀, ó fún Rudolf Virchow yẹ̀ wò. Virchow kò rí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀, wọ́n bá fi abẹ sílẹ̀. Friedrich jọba ní oṣù kẹta 1888. Ọjọ́ 99 péré ló lò lórí oyè kó tó wàjà. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ni.

Virchow yìí kan náà ló ti kíyè sí i, ní 1863, pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ara wa, máa ń wà nínú kókó jẹjẹrẹ, bí ìgbà tí egbò bá wú. Ní 1930, Tillett àti Francis rí èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní New York, tí a wá ń pè ní CRP. Ó máa ń pọ̀ sí i tí ibì kan bá ń wú nínú ara. Ní 2001, Zahorec, dókítà ní Slovakia, dábàá pé ká ka oríṣi ọmọ ogun méjì, nútrófìlì àti límfósáìtì, ká wo ìlọ́po mélòó tí ti àkọ́kọ́ fi ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí rí i pé nínú àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọ̀fun, àwọn tí ìlọ́po yìí ga fún ni àìsàn náà sábà máa ń le fún jù.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yìí kò lè sọ pé ẹnì kan ní jẹjẹrẹ. Àìsàn mìíràn, àní eyín tó ń ro, lè gbé e sókè. Gígé ẹran kékeré wò ló ń fi jẹjẹrẹ hàn. Ìtàn Friedrich sì kọ́ wa pé bí wọn ò bá rí nǹkan lẹ́ẹ̀kan, tí ohùn ò sì là, ẹ padà lọ.

Nítorí náà, ìyá mi, bí ohùn yín bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, tí òkèlè ń há yín lọ́fun, tàbí tí kókó yọ lọ́rùn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Tábà àti ọtí ló sábà ń fa jẹjẹrẹ yìí. Ẹ bá wa sọ fún bàbá àwọn ọmọ. Ẹ má ní ó dìgbà tí ọjà bá tú. Ọjà ò sá lọ. Ẹ̀yin la fẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ níbẹ̀.