Ọ̀rọ̀ fún Ọwọ́ Tó Ń Yà àti Ọwọ́ Tó Ń Rán

Ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan ló kọ́kọ́ dá mi dúró nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ jọ fún àwọn obìnrin tó fẹ́ máa yàwòrán díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ díẹ̀, lójoojúmọ́, láìfi ọmọ àti oúnjẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni yà. Ẹni tó bá mọ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yóò ní kò le: mọ̀ di ìmọ̀, fẹ́ di ìfẹ́, lò di ìlò. Ṣùgbọ́n yà di ìyà, ìwé tí ènìyàn ń ya nǹkan sí yóò wá di ìwé ìyà, kò sì sí abiyamọ tó fẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Èdè Èkìtì gan-an ò gbà wá sílẹ̀ níbẹ̀. Àwa tí à ń pe ilé ní ulé, tí à ń pe iṣu ní usu, ùyà ni tiwa. A ní láti fi àwòrán tì í lẹ́yìn kó tó ṣeé gbọ́ sétí: ìwé ìyàwòrán. Bí ará Emùré bá sì fẹ́ pè é ní ùyàwòrán, kó pè é bẹ́ẹ̀. Ìwé àwòrán lásán ò tó, torí ìwé ìtàn ọmọdé la máa ń pè bẹ́ẹ̀.

Wàhálà kejì ni pé ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń ya fọ́tò. Sọ fún aládùúgbò rẹ ní Ìkẹ́rẹ́ pé, "Mò ń yàwòrán lójoojúmọ́." Yóò dá ọ lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya tèmi náà," á sì tún gèlè rẹ̀ wé dáadáa. Kò ṣì ọ́ gbọ́. Ó ti pẹ́ tí ayàwòrán ti di ẹni tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé a fọwọ́ yà á, tí mo sì ń pe ohun tó bá jáde ní àfọwọ́yà. Ẹni tó bá mọ àfọwọ́kọ kò ní í béèrè ohun tí àfọwọ́yà jẹ́.

Síbẹ̀, èyí tí mo bá ṣẹ̀dá ní ìdákẹ́jẹ́ yàrá mi kì í dára tó èyí tó ti wà lẹ́nu oníṣẹ́ tẹ́lẹ̀, agbègbè wa kì í sì í ṣe ibi tí oníṣẹ́ ti wọ́n. Ìsẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní nǹkan bí ọdún 1938. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí. Arínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, gbà á sí ààfin, lẹ́yìn náà ni àwọn ọba ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí i. Láàárín 1910 sí 1914 ló gbẹ́ àwọn òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́, ó ń gba àlejò aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Captain Ambrose, tí àwọn aláàárù gbé wá. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, kò sì padà wálé mọ́. British Museum ló gbà á, wọ́n sì ṣe ìtẹ́ kan ní ìlú Òyìnbó fún Ògògà ní pàṣípààrọ̀. Òpó kan tí ọba jókòó sí lára rẹ̀ wà ní Art Institute ní Chicago. Ó dùn mí pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ jókòó ya òpó yẹn ní láti wọkọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n kó wo àwòrán ilẹ̀kùn náà dáadáa: àwọn ènìyàn yọ jáde lára igi débi pé ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbá wọn mú, ẹ̀yìn wọn ò sì ṣófo. Ọlọ́wẹ̀ fín in, ó kùn ún, ilà lórí ilà, bí ìgbà tí ènìyàn ń hun aṣọ.

Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn agbẹ́gilére ni orúkọ ìpele iṣẹ́ wọn. Irú àwọn Bándélé àti Làmídì Fákẹ́yẹ, tí wọ́n jọ wà ní ilé iṣẹ́ ọnà tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ wọn ń gbà: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín. Nínú ọnà lílé, orí, ara àti ẹsẹ̀ ń yà kúrò lára ara wọn nínú ìtì igi, kò tíì sí ojú, kò tíì sí imú. Àlétúnlé ló ń pín àwọn ńlá wọ̀nyí sí kékeré. Dídán ń mú kí ara igi jọ̀lọ̀. Ìgbà tí a bá dé fínfín ni ẹnu ọ̀bẹ tó ń fa irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ.

Mo ti ronú lé àwọn orúkọ mẹ́rin yìí lórí ju ohunkóhun mìíràn lọ nínú iṣẹ́ yìí. Àwòrán inú ìwé ní lílé tirẹ̀. Ẹni tó fi pẹ́ńsù fa ilà mẹ́ta láti mọ ibi tí òkè yóò wà àti ibi tí ọ̀nà yóò gbà, ó ń lé àwòrán ni, torí iṣẹ́ mìíràn ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó jókòó ya ewé kókò torí pé ewé náà wù ú, tó sì ṣí ojú ìwé sí òmíràn, àfọwọ́yà ló ṣe. Sketch ni Òyìnbó sábà máa ń pe méjèèjì. Ó dára kí tiwa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìdí mìíràn tí ìpele fi yẹ kó ní orúkọ wà lára ògiri ilé àwọn ìyá wa. Òfì tí àwọn obìnrin Èkìtì fi ń hun kíjìpá, ìdúró ló wà. Inú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé e tì. Òfì àwọn ọkùnrin, tó ń mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, ń fẹ́ àyè gbọọrọ níwájú ahunṣọ tí òwú yóò nà sí. Ti obìnrin kò gba àyè. Òwú òòró ń yí igi òkè àti igi ìsàlẹ̀ po, òwú ìbú sì ń gba àárín wọn kọjá. (Òòró àti ìbú yìí ló tó mi, mi ò rí ìdí tí a ó fi wá òmíràn.) Ọmọ ké, ìyá dìde. Ọbẹ̀ fẹ́ jó, ìyá dìde. Ìgbà tó bá padà dé, òwú wà níbi tó fi í sí, ó ń dúró dè é. Òfì yẹn gbà pé ẹni tó ń lò ó ní ilé tó ń tọ́jú, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí à ń kó jọ gbà bẹ́ẹ̀ náà.

Èyí ni kò jẹ́ kí n gba ìgbafẹ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí orúkọ fún iṣẹ́ tí à ń ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ìgbafẹ́ ń dúró de ìgbà tí iṣẹ́ bá tán, iṣẹ́ ilé kì í sì í tán. Bárakú ńkọ́? Wọ́n ti lò ó fún tábà àti ọtí débi pé kò ṣeé fi yin ẹnikẹ́ni mọ́. Àṣà jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ni pé, "Ó ti mọ́ ọn lára," mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tó mọ́ni lára. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lójú yín, kí a fi dán àwọn ọ̀rọ̀ náà wò. Iṣu wà lórí iná. Mo fi pẹ́ńsù lé Olósùnta, àpáta ńlá Ìkẹ́rẹ́, sínú ìwé ìyàwòrán: ilà kan tó gòkè gbọọrọ, tó tẹ̀ roboto lókè, tó sì sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ìrésà pa apá kan rẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fa àwọn ipa dúdú tí omi òjò ti ṣàn sára àpáta láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àwọn kan gbọnrangandan, àwọn kan kọ́lọkọ̀lọ. Mo wá yẹ àpò àgékù aṣọ wò. Àgékù aláró kan, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí di àyìnrín, ni mo fi ṣe ilẹ̀. Aṣọ funfun tó ti gbó ni mo gé ní ìrísí àpáta. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀, mo sì gán an: òwú gígùn, abẹ́rẹ́ jìnnà síra, kí ó má kàn sún ni. Mo ṣẹ́ etí rẹ̀ wọ inú, mo ń rán an lọ. Ipa omi òjò ni yóò kẹ́yìn. Òwú dúdú ni mo fẹ́ fi ṣe é, abẹ́rẹ́ yóò máa rì, yóò máa yọ, irú ìránsí tí mo sọ ní àrìyọ. Mi ò tíì dé ibẹ̀ tí ọmọ fi ké pé, "Màámi, iṣu ti jinná o!"

Mo gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, mo dìde. Bí a bá bi mí lọ́la pé ibo ni mo bá iṣẹ́ dé, ìdáhùn mi kò ní í gùn: mo ti lé e, mo ti gán an, etí ṣíṣẹ́ ni mò ń ṣe lọ́wọ́, ó ku àrìyọ. Ẹni tí wọ́n ń pè dìde ní ìdí iṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárín wákàtí kan nílò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó ní yàrá iṣẹ́ tó lè tì pa lọ. Bí ìpele kò bá lórúkọ, gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú àpò náà ni yóò máa jẹ́ "èyí tí mi ò tíì parí", ọkàn á sì rẹ̀wẹ̀sì kí ọwọ́ tó débẹ̀.

Àwọn tó ṣáájú wa ti la ọ̀nà. Ní 1984 ni ìwé èdè-ìperí Yorùbá àkọ́kọ́ jáde lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé, èkejì sì jáde ní 1990 láti ọwọ́ Ọládélé Awóbùlúyì. Gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́, iṣẹ́ wọn sì kọ́ wa bí a ṣe ń fi ìlànà ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ní 1989 àwọn ayàwòrán kan ní Ilé-Ifẹ̀, Moyọ̀ Òkédìjí àti Kúnlé Fìlání wà lára wọn, sọ ẹgbẹ́ wọn ní Ọnà. Rowland Abíọ́dún, ọmọ Ọ̀wọ̀, sì kọ odidi ìwé ní 2014 láti fi hàn pé ẹni tí kò gbọ́ èdè Yorùbá kò lè rí iṣẹ́ ọnà Yorùbá tán. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn.

Bí aṣọ ṣe rí lára ló rọrùn jù lọ fún wa. Mi ò wá orúkọ kan fún un, torí èdè wa kì í sọ ọ́ lórúkọ; ó máa ń jẹ́ kí etí gbọ́ ọ ni. Sátínì jọ̀lọ̀. Òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n múlọ́múlọ́. Kíjìpá àtijọ́ ki pọ́pọ́. Etí aṣọ tí a kò ṣẹ́ rí ṣákiṣàki, èyí tí a fi ìkánjú gé rí págunpàgun. Nípa àwọ̀ náà, kí a tó ka àwọ̀ tó wà lára páálí ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ mọ ẹ̀tù, sányán àti àlàárì.

Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ tó di Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ní 2020, ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ àkójọ yìí wò, nítorí ọwọ́ wọn ni yóò gbà dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mi ò tò ó ní a, b, d. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni mo ṣe tò ó: lílé ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́, gígán wà láàárín, àrìyọ wà lápá ìparí, mo sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù ú lọ lè kọ ọ́ síbẹ̀.